Baba Kú, Ọmọ Wọ Ilé Aṣòfin: Lord Carrington àti Àga Àjogúnbá ní London

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìjọba Keir Starmer, olórí ìjọba Britain nígbà náà, gbé àbá òfin kan wọ ilé aṣòfin ní London. Àbá náà kò gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò sì lọ́jú pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó sí House of Lords, ilé aṣòfin àgbà níbẹ̀, mọ́ nítorí pé bàbá rẹ̀ jẹ́ Lord, ìyẹn olóyè. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò sí i, 435 sí 73, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn Lord fúnra wọn. Ìbéèrè tó wà nídìí ẹ̀ ti pẹ́ ju Starmer lọ: ṣé ẹni tí aráàlú kò dìbò fún, tí ẹnikẹ́ni kò sì yàn nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti máa ṣe òfin fún odindi orílẹ̀-èdè?

Bí èèyàn bá fẹ́ gbèjà àga àjogúnbá yìí, orúkọ kan wà tó yẹ kó kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu, ìyẹn Peter Carington, Lord Carrington kẹfà. Bí ó bá sì fẹ́ takò ó, inú ìtàn ọkùnrin yìí kan náà ni yóò ti rí ẹ̀rí tó lágbára jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú un. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì kan àwa náà, nítorí òun ni mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ìjọba Ọbásanjọ́ gba ìpín BP, iléeṣẹ́ epo wọn, ní Nàìjíríà lọ́wọ́ wọn ní 1979.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú oyè tí à ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, kí ọba wàjà kò sọ pé àrẹ̀mọ ló máa gorí ìtẹ́. Ó lè jẹ́ ìdílé mìíràn ló kàn; àwọn ọmọ oyè á jáde, àwọn afọbajẹ á jókòó, wọ́n á bi Ifá léèrè, nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ á dé kóòtù. Ti àwọn Lord kò rí bẹ́ẹ̀. Bí bàbá bá ti mí kanlẹ̀, oyè ti bọ́ sórí àkọ́bí ọkùnrin kí wọ́n tó gbé òkú sin. Kò sí afọbajẹ, kò sí ìdíje. Bí àkọ́bí bá jẹ́ obìnrin, wọ́n á fò ó, àfi nínú ìwọ̀nba oyè díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sí obìnrin kan ṣoṣo lórí àwọn àga àjogúnbá nígbà tí àbá òfin 2024 dé.

Oyè Carrington kì í ṣe èrè ogun. Robert Smith, oníbáńkì kan ará Nottingham, ni wọ́n fi jẹ Baron nígbà tí William Pitt jẹ́ olórí ìjọba, ní 1796 sínú àwọn oyè ilẹ̀ Ireland, àti ní 1797 sínú ti Britain. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ pa orúkọ Smith tì, wọ́n ń jẹ́ Carrington. Nígbà tó di 1880, wọ́n yọ r kan kúrò nínú orúkọ ìdílé, ṣùgbọ́n r méjì ló dúró nínú orúkọ oyè. Bí ọkùnrin náà ṣe wá ń jẹ́ Peter Carington nìyẹn, tí oyè rẹ̀ sì jẹ́ Lord Carrington. Ẹ fi r yẹn sọ́kàn.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kẹfà ọdún 1919. Eton ló ti kàwé, ó sì lọ sí Sandhurst láti di ológun. Bàbá rẹ̀ kú ní 1938 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 19, oyè sì bọ́ sí i lọ́rùn lọ́jọ́ náà. Kò tíì lè wọ ilé aṣòfin ṣá, nítorí ọmọ ọdún 21 ni wọ́n ń gbà síbẹ̀. Nígbà tó fi máa tó ọdún yẹn ní 1940, ogun Hitler ti gbóná, aṣọ ológun ló sì wà lára rẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, ó wà lára àwọn Grenadier Guards, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Britain kan, tó wa tánkì kọjá afárá Nijmegen ní ilẹ̀ Netherlands. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ti de àdó olóró mọ́ afárá náà. Ẹni tó bá gorí rẹ̀ kò mọ̀ bóyá yóò fò sókè mọ́ ọn lábẹ́. Tánkì Carrington wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọjá, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ Military Cross ní 1945. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fi ọkọ̀ ojú omi aláṣọ kọjá odò náà lọ́sàn-án gangan, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn kú lọ́wọ́ wọn, bínú gidigidi pé àwọn tánkì náà dúró sí òdì kejì dípò kí wọ́n sáré lọ gba àwọn ọmọ ogun Britain tó há sí ìlú Arnhem níwájú sílẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn kan nínú wọn gbé ìbínú yẹn dé ọjọ́ ogbó.

Nígbà tí Churchill padà sórí àléfà ní 1951, ó fi í ṣe igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ àgbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Crichel Down ti bá a, mo sì fẹ́ ká dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìwà tí ayé fi mọ̀ ọ́n nígbẹ̀yìn ti kọ́kọ́ hàn. Ilẹ̀ náà, 725 éékà ní Dorset, jẹ́ èyí tí ìjọba rà lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀ kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ǹbù. Ogun parí, ìjọba kò dá ilẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ó di ti iléeṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ fi háyà fún ẹlòmíràn. Ọkọ ọmọ ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, wọ́n ṣe ìwádìí, ìwádìí sì fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti hùwà bí ẹni pé àwọn ló ni ilẹ̀. Mínísítà àgbà, Thomas Dugdale, kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1954. Carrington náà kọ̀wé tirẹ̀. Churchill kọ̀ ọ́, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣojú Britain ní Ọsirélíà láti 1956 sí 1959, ó sì darí iléeṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi títí di 1963.

Ọdún 1963 yẹn ni òfin tuntun kan jáde pé Lord tó bá fẹ́ lè bọ́ oyè sílẹ̀. Tony Benn tó ti ń jà fún un láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú bọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí òfin náà múlẹ̀, ó sì padà sílé aṣojú-ṣòfin. Alec Douglas-Home bọ́ tirẹ̀ láti di olórí ìjọba. Carrington kò bọ́ tirẹ̀. Ó dúró sí ilé àwọn Lord, wọ́n fi í ṣe olórí ilé náà, nígbà tí ẹgbẹ́ Labour sì wọlé ní 1964, ó di olórí alátakò níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti fi ara rẹ̀ sí ibi tí àpótí ìbò kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1968 jẹ́ kí a rí bí agbára àga yẹn ṣe pọ̀ tó. Ian Smith àti àwọn aláwọ̀ funfun ní Rhodesia, ilẹ̀ Britain tó di Zimbabwe lónìí, ti kéde òmìnira fúnra wọn ní 1965, kí àwọn èèyàn dúdú má bàa jọba lórí wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ayé má bá wọn ṣòwò. Ìjọba Labour ti Harold Wilson gbé àṣẹ náà wá sílé aṣòfin, ilé aṣojú-ṣòfin gbà á. Nígbà tó dé ilé àwọn Lord, Carrington ló ṣáájú àwọn Konsáfétífù, ẹgbẹ́ tirẹ̀, níbẹ̀, wọ́n sì fi 193 ìbò sí 184 dà á nù. Àṣẹ náà padà kọjá ní oṣù tó tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jiná. Wilson já ìjíròrò tó ń bá alátakò ṣe lórí àtúntò ilé àwọn Lord, àbá òfin tó wá dá gbé lẹ́yìn náà sì kú ní 1969. Àwọn àga àjogúnbá ṣì fi ọgbọ̀n ọdún dúró lẹ́yìn ìyẹn.

Ibi tí mi ò lè gbójú fò dá nínú ìtàn rẹ̀ ni àríwá Ireland. Ní 1970, Edward Heath, olórí ìjọba tuntun, fi í ṣe mínísítà ààbò. Ní 1971, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn èèyàn sátìmọ́lé láìsí ẹjọ́, àwọn ológun sì lo ọ̀nà márùn-ún lára àwọn kan nínú wọn: wọ́n fi àpò bo orí wọn, wọ́n mú wọn dúró ti ògiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n ń fi ariwo tí kò dákẹ́ dà wọ́n láàmú, wọ́n fi oorun dù wọ́n, wọ́n fi oúnjẹ dù wọ́n. Ní 1977, Merlyn Rees tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà kọ̀wé sí olórí ìjọba James Callaghan pé àwọn mínísítà ló fọwọ́ sí i, ó sì dárúkọ Carrington. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ ní 1978 pé ìwà àìláàánú tó ń tẹ́ èèyàn ni, ṣùgbọ́n kò pè é ní ìdálóró. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Britain sọ pé bó bá jẹ́ lóde òní ni, orúkọ tí wọ́n á pè é gan-an nìyẹn. Òun náà ló wà nípò mínísítà ààbò ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 1972, tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa èèyàn 13 tó ń wọ́de ní Derry. Ẹnìkẹrìnlá kú lẹ́yìn náà. Kò kọ̀wé fipò sílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹni tó bá ń yìn ín pé ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1982 gbọ́dọ̀ ka ti 1972 mọ́ ọn.

Margaret Thatcher wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 1979, ó sì fi Carrington ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ní Rhodesia, ogun ti gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀mí. Smith ti bá Bíṣọ́ọ̀bù Abel Muzorewa ṣe àdéhùn, wọ́n dìbò, Muzorewa di olórí ìjọba, ṣùgbọ́n àwọn aláwọ̀ funfun ló ṣì di ológun, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ mú. Ọkàn Thatcher fà sí i pé kí Britain gba ìjọba Muzorewa gẹ́gẹ́ bí ìjọba tòótọ́ kí ọ̀rọ̀ parí. Carrington rí i pé bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ogun kò ní dáwọ́ dúró, Áfíríkà kò sì ní gbà.

Nàìjíríà ni kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn mọ lẹ́nu lásán. Ní ọjọ́ 31 oṣù keje ọdún 1979, ó ku ọ̀la kí ìpàdé Commonwealth bẹ̀rẹ̀ ní Lusaka, ìjọba Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kéde pé òun ti gba ìpín BP nínú epo Nàìjíríà. Britain ti gba BP láyè kí epo tirẹ̀ máa dé Gúúsù Áfíríkà, ilẹ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ọ̀rọ̀ Rhodesia sì wà nílẹ̀. Ẹ̀ka tó ń ta epo nígboro di African Petroleum, ilé epo AP tí àwọn tó ti dàgbà díẹ̀ mọ̀ dáadáa. Èmi máa ń rò ó pé àwa ọmọ Nàìjíríà kì í sọ ìtàn yìí tó. Orílẹ̀-èdè tí ọjọ́ Ìjọba Alágbádá kù bíi oṣù méjì sí fi ọwọ́ kan ibi tó dun Gẹ̀ẹ́sì jù, ó sì ṣe é lọ́jọ́ tó tọ́.

Ní Lusaka, èèyàn díẹ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti kọ àdéhùn: Kaunda ti Zambia, Nyerere ti Tanzania, Manley ti Jamaica, Fraser ti Ọsirélíà, Thatcher, àti mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè Nàìjíríà, Ọ̀gágun Henry Adefope. Wọ́n gbà pé kí Britain pe gbogbo ìhà sípàdé, kí ó kọ ìwé òfin tuntun, kí ó sì bójú tó ìbò. Thatcher tí wọ́n ń rò pé yóò bá ìjà lọ síbẹ̀ ni Kaunda mú lọ́wọ́ jó lójú agbo.

Ìpàdé Lancaster House bẹ̀rẹ̀ ní London ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án. Carrington ló jókòó sípò alága. Ian Smith wà níbẹ̀ pẹ̀lú Muzorewa. Robert Mugabe àti Joshua Nkomo, àwọn olórí ajàjàgbara tó ń bá wọn jagun, wà ní ìhà kejì. Àwọn tó ń pa ọmọ ogun ara wọn nínú igbó ń wo ojú ara wọn lórí tábìlì. Bí Carrington ṣe ṣe é rèé: kò jẹ́ kí wọ́n kó gbogbo ọ̀rọ̀ pọ̀. Ìwé òfin ni kí wọ́n kọ́kọ́ parí. Lẹ́yìn rẹ̀, ta ni yóò ṣàkóso títí ìbò á fi wáyé. Ìgbẹ̀yìn ni ìdáwọ́ ogun dúró. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, Muzorewa ló máa ń kọ́kọ́ gbà, Carrington á sì jẹ́ kó hàn sí Mugabe àti Nkomo pé bí wọ́n bá kọ̀, òun lè bá Muzorewa nìkan parí rẹ̀. Wọ́n jókòó nígbà 47 lápapọ̀. Samora Machel ti Mozambique, tó gba àwọn ọmọ ogun Mugabe sílé, sì ń tì wọ́n lẹ́yìn pé kí wọ́n fọwọ́ sí i, nítorí ogun náà ń ba ilẹ̀ tirẹ̀ jẹ́. Kódà wọ́n ti rán gómìnà, Lord Soames, lọ sí Salisbury, olú ìlú Rhodesia, ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá kí àdéhùn tó parí. Wọ́n fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 21.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ láìyanjú dáadáa ni ilẹ̀. Ìwé òfin náà fún àwọn aláwọ̀ funfun ní àga 20 nínú 100 nílé aṣòfin, ó sì dáàbò bo oko wọn fún ọdún mẹ́wàá: ẹni tó bá fẹ́ tà ni kó tà, owó ni ìjọba yóò sì fi rà á. Ìpàdé fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá gba oko ní Zimbabwe ní 2000, tábìlì Lancaster House ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tọ́ka sí. Mo gbà pé wọn kò ṣì. Ṣùgbọ́n ìbọn dákẹ́. Ìbò wáyé ní oṣù kejì ọdún 1980, ẹgbẹ́ Mugabe gba àga 57, Muzorewa tí Thatcher fẹ́ tẹ́lẹ̀ gba mẹ́ta péré. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin, Zimbabwe gba òmìnira.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni ti Falkland, àwọn erékùṣù tó wà lábẹ́ Britain, dé. Argentina ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ló ni àwọn erékùṣù yẹn. Ní 1981, iléeṣẹ́ ààbò fẹ́ kó ọkọ̀ ojú omi HMS Endurance kúrò níbẹ̀ nítorí owó. Carrington kọ̀wé takò ó, wọn kò gbọ́. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1982, ó wà ní Ísírẹ́lì nígbà tí ọ̀rọ̀ ń gbóná. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, àwọn ọmọ ogun Argentina gúnlẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sátidé. Ilé aṣojú-ṣòfin jókòó lọ́jọ́ ìsinmi, ibẹ̀ sì gbóná bí iná. Mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè gan-an kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé ó sá. Lord ni, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn aṣojú tí aráàlú dìbò fún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló lọ bá àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ tirẹ̀ ní yàrá ìpàdé, wọ́n sì bú u dójú ikùn. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, Humphrey Atkins àti Richard Luce tí wọ́n jọ wà níléeṣẹ́ náà sì bá a lọ. Thatcher kò fẹ́ kó lọ. Nígbà tí ìwádìí Lord Franks jáde ní oṣù kìíní ọdún 1983, ó ní kò sí ẹ̀bi tí a lè dá ìjọba fún ìkọlù náà. Ẹni tí wọ́n kò dá lẹ́bi ti lọ láti oṣù mẹ́sàn-án ṣáájú.

Láti ìgbà náà, bí mínísítà kan ní Britain bá ṣe àṣìṣe tó sì rọ̀ mọ́ àga, orúkọ Carrington ni wọ́n fi ń bá a wí. Mo gbà pé ìyìn náà tọ́ sí i. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn aráàlú kò dìbò yàn án, wọn kò sì lè dìbò lé e. Aṣojú kan ṣoṣo kò lè bi í léèrè lójúkojú nínú ilé. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ nìkan ló lé e kúrò, ẹ̀rí ọkàn kan náà tí kò sọ ohunkóhun lẹ́yìn Derry. Ọ̀rọ̀ yìí tún jáde nígbà tí David Cameron di mínísítà ọ̀rọ̀ òkèèrè láti ilé àwọn Lord ní 2023, ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà Carrington. Àwọn aṣojú ń ráhùn pé àwọn kò rí i bi ní ìbéèrè bí ogun Ukraine àti Gaza ṣe ń lọ.

Ó tún ṣe akọ̀wé àgbà NATO láti 1984 sí 1988. Ní 1991, Yúróòpù ní kó bá àwọn Yugoslavia parí ìjà. Ó kìlọ̀ pé bí wọ́n bá tètè gba Croatia àti Slovenia gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè kí gbogbo ọ̀rọ̀ tó yanjú, Bosnia á gbiná. Wọ́n gbà wọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1992. Bosnia gbiná ní oṣù kẹrin.

Ní 1999, ìjọba Tony Blair lé àwọn Lord ajogún jáde, ó lé ní 600, wọ́n sì fi 92 sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà díẹ̀ yẹn di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà náà, bí ọ̀kan bá kú, wọ́n máa ń dìbò abẹ́lé láti fi ajogún mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ní 2016, oludíje méje ló jáde fún àga kan tí èèyàn mẹ́ta péré lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò fún. Irú ìbò bẹ́ẹ̀ ló gbé Rupert, ọmọ Carrington, wọlé ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú ní ẹni ọdún 99. Nígbà tí Charles jọba ní 2022, Rupert di Lord Great Chamberlain, ẹni tó ń ṣojú ọba ní ààfin Westminster, ìyẹn ọgbà ilé aṣòfin. Àbá òfin 2024 kò gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ṣe é. Àga inú ilé tó so mọ́ ọn ló gbà.

Bàbá rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Ní 1999 tí wọ́n lé àwọn ajogún, wọ́n fún àwọn tó ti ṣe olórí ilé àwọn Lord rí ní oyè tuntun, èyí tó mọ sórí ẹni tó jẹ ẹ́, tí ọmọ kò lè jogún. Carrington gba tirẹ̀, ó sì padà sórí àga tó ti mọ̀ láti 1940. Orúkọ tó fi jókòó títí ó fi kú ni Baron Carington of Upton, r kan ṣoṣo.